Gbèsè Tán, Àgádágodo Ò Ṣí

Kí n tó yẹ bátìrì wò, kí n tó wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti sán, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé fóònù tòkunbọ̀ wá bá wa ní Computer Village, Ìkẹjà, ni pé: “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ti ń bọ̀?” Ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ló fi ránṣẹ́ láti Houston, tàbí àbúrò ọkọ wọn ló mú un bọ̀ láti London nígbà Kérésì. Fóònù ni wọ́n rí. Wọn ò rí ilé-iṣẹ́ tó ṣì di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà tí wọ́n bá ki síìmù MTN tàbí Glo bọ̀ ọ́ tó bá kọ̀ jálẹ̀ ni wọ́n máa ń mọ̀ pé àdéhùn kan ti wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n sí.

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Láti ìgbà tí Nokia ṣì ń jọba ní òpópónà Otigba ni mo ti ń ta fóònù, tí mo sì ń tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà máa ń bi mí léèrè jù lọ ni bóyá ó tọ́ kí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan máa nìkan ta irú fóònù kan, kí ó sì tì í pa kí ó má bàa ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èrò tèmi rèé: àdéhùn ànìkàntà lè tọ́, bí ẹni tó ń rà á bá mọ iye tó ń san àti ọjọ́ tí yóò parí. Àgádágodo tó bá wà lára fóònù lẹ́yìn tí gbèsè ti tán ni mi ò rí ẹ̀tọ́ kankan nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2007, Apple gbé iPhone àkọ́kọ́ sórí igbá ní Amẹ́ríkà. Dọ́là 499 ni èyí tó gba 4GB, dọ́là 599 ni èyí tó gba 8GB. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún méjì pẹ̀lú AT&T, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Cingular tẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí AT&T, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan ní gbogbo Amẹ́ríkà tó lè tà á.

Mi ò ní tìtorí ìbínú gbàgbé ohun tó mú Apple gbà bẹ́ẹ̀. Lákòókò yẹn, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń pàṣẹ fún ẹni tó ń ṣe fóònù níbẹ̀. Wọ́n á ní kó kọ orúkọ àwọn sí i lára, wọ́n á yọ ohun tí wọn ò fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á sì ki ohun tí wọ́n fẹ́ tà bọ̀ ọ́. Apple, tí kò tíì fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe fóònù rí, ní òun ò gba ìyẹn. AT&T gbà kí Apple ṣe fóònù rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ó tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe kí ẹni tó ń lò ó lè fojú rí gbogbo ohùn tí àwọn èèyàn fi sílẹ̀ fún un, kó sì yan èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Ó tún ń fún Apple nínú owó tí oníbàárà ń san lóṣooṣù. Ẹ̀tọ́ láti nìkan tà á ni Apple fi san án padà. Ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù; AT&T fi owó àti orúkọ rẹ̀ wewu lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì dán wò, mi ò sì lè ní kó má jèrè. Nígbà tí iPhone 3G dé ní oṣù Keje 2008, AT&T fi owó tirẹ̀ kún un débi pé dọ́là 199 ni èèyàn fi ń gbé e lọ sílé. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò lè kó dọ́là 599 kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló tipa bẹ́ẹ̀ rí i rà. Ẹni tó bá ní àdéhùn yẹn kò ṣe oníbàárà lóore kankan kò sọ òótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò kan. Ẹni tó ra 3G yẹn ní oṣù Keje 2008, tó san owó oṣù rẹ̀ láì ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù, ti bọ́ nínú àdéhùn ní oṣù Keje 2010. AT&T kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí iPhone fún àwọn tí àdéhùn wọn ti parí títí di oṣù Kẹrin 2012. Nǹkan bí oṣù mọ́kànlélógún ni ẹni tí kò jẹ gbèsè mọ́ fi ń tọrọ àyè lórí ohun ìní ara rẹ̀. Ti àwọn tó rà á ní 2007 tilẹ̀ burú ju èyí lọ. Kò sí ìrànwọ́ AT&T kankan nínú iye tí wọ́n san fún fóònù náà; odindi owó rẹ̀ ló ti àpò wọn jáde, wọ́n sì tún tì í pa.

Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ló dúró fún èlé. Olówó kò gbọ́dọ̀ tà á, nítorí ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì ka ojú owó sílẹ̀ ni ìwọ̀fà ń lọ sílé. Ìyà pọ̀ nínú ètò yẹn, inú mi sì dùn pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó ń ṣe é mọ ibi tí gbèsè parí sí. Olówó tó bá gba owó rẹ̀ pé, tó tún ní kí ìwọ̀fà má lọ, ìlú ni yóò dá a lẹ́jọ́. Ilé-iṣẹ́ tó gba owó rẹ̀ pé, tó sì kọ̀ láti ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ta ni yóò dá a lẹ́jọ́?

Àwọn kan gbìyànjú rẹ̀. Ní ọdún 2007 kan náà, àwọn oníbàárà gbé Apple àti AT&T lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní California. Ẹ̀sùn wọn ni pé àdéhùn ọdún méjì ni àwọn fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti fi ṣe àdéhùn láàrin ara wọn. Bí ọdún méjì bá pé, oníbàárà tó bá ṣì fẹ́ máa lo iPhone kò ní ibòmíràn tí yóò gbé e lọ. Ẹ̀sùn yẹn ló wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Èèyàn lè gba àdéhùn tó le, bó bá ti mọ bó ṣe le tó kó tó fọwọ́ sí i. Ẹjọ́ náà kò rìn jìnnà. Ní oṣù Kẹrin 2011, nínú ẹjọ́ mìíràn tó kan AT&T, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ilé-iṣẹ́ lè kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé àwọn oníbàárà kò ní para pọ̀ pe ẹjọ́, pé kálukú ni yóò lọ bá onílàjà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ta ni yóò dá gba lọ́yà nítorí fóònù kan ṣoṣo?

Àwọn mìíràn wà tí ìyà àdéhùn náà jẹ láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí ohunkóhun. Ní ìgbèríko Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kéékèèké ló ri òpó sí ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn ńlá rò pé kò sí owó. Nígbà tí AT&T nìkan gba iPhone, tí Verizon sì nìkan gba BlackBerry Storm níbẹ̀ ní 2008, àwọn kékeré yìí kò rí fóònù tí aráyé ń bèèrè rà, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Oníbàárà tó fẹ́ fóònù yẹn á fi wọ́n sílẹ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá bá dé àdúgbò rẹ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, á kàn máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ni. Ẹgbẹ́ wọn kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ ní 2008 sí FCC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹfà 2009, àwọn sẹ́nétọ̀ mẹ́rin, John Kerry wà lára wọn, ní kí àjọ kan náà yẹ àwọn àdéhùn wọ̀nyí wò. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Verizon yọ̀ǹda pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí oníbàárà wọn kò ju 500,000 lọ máa rí irú fóònù bẹ́ẹ̀ rà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà péré! A jẹ́ pé kò sí ohun tó ní kó pẹ́ tó ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún. Ẹni tó dáwó lé ohun tuntun lè kọ́kọ́ jèrè rẹ̀, kó sì yà kí ẹlòmíràn náà jẹun.

Àwọn tó wà nínú ìlú ńlá náà ò bọ́. Gbogbo iPhone Amẹ́ríkà rọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, ìpè sì ń já ní New York àti San Francisco. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò kó tó tó àkókò yóò sanwó; láti oṣù Kẹfà 2010, AT&T gbé owó ìjáde yẹn dé dọ́là 325 fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tọwọ́ bọ àdéhùn fóònù ìgbàlódé. Ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2011 ni Verizon tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta iPhone 4.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa ní Ìkẹjà ni ọwọ́ ẹni kejì, ẹni tó ra fóònù náà tàbí tí wọ́n fi ta lọ́rẹ lẹ́yìn tí ẹni àkọ́kọ́ ti lò ó. Síìmù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ nínú. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ orílẹ̀-èdè, èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì: 310 àti 410 ni ti AT&T, 621 àti 30 ni ti MTN wa. Fóònù tí wọ́n tì mọ́ AT&T yóò ka 621, yóò sì kọ síìmù náà. Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹnu rẹ̀ yá, etí rẹ̀ yá, rédíò inú rẹ̀ ń gbọ́ òpó MTN tó wà lókè ọjà wa ketekete. Ẹnì kan ló kàn ní kó má dáhùn.

Iṣẹ́ ṣíṣí àgádágodo yìí ti di ẹ̀ka kan lọ́tọ̀ nínú òwò wa. Ní oṣù Kẹjọ 2007, kò tíì pé oṣù méjì tí iPhone jáde, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan ní New Jersey, George Hotz, fi irin sọ́dà àti kọ̀ǹpútà já a. Ó fi ọ̀kan nínú àwọn fóònù tó ṣí gba ọkọ̀ Nissan 350Z kan àti iPhone mẹ́ta. Nígbà tó yá ni sọ́fítíwíà ultrasn0w dé, tí a fi ń ṣí 3G àti 3GS. Bí ẹni tó ni ín bá gba sọ́fítíwíà tuntun tí Apple gbé jáde, ilẹ̀kùn tún ti pa nìyẹn. Ní ìparí 2010, ọ̀nà tó kù fún ọ̀pọ̀ irú fóònù bẹ́ẹ̀ ni pé kí a mú sọ́fítíwíà rédíò ti iPad, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 06.15, kí a gbé e wọ inú iPhone. Síìmù á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n GPS á kú. Mo máa ń sọ ọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án pé máàpù ò ní mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, ọ̀pọ̀ á sì ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀, torí ìpè ni wọ́n ń wá. Àwọn mìíràn ra ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ síìmù, Gevey tàbí R-SIM, tó ń parọ́ fún fóònù pé síìmù ilé-iṣẹ́ tó tì í ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wá wo gbogbo làálàá yìí, owó, àkókò, GPS tó bàjẹ́, lórí fóònù tí ẹnì kan ti san owó rẹ̀ tán.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Yaba gbé fóònù tí wọ́n tì wá bá mi. “Ọmọ mi san owó ẹ̀ tán o, Ẹ̀njíníà. Ó ní òun ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀.”

“Mo gbà yín gbọ́, Mà. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ wọn ni kò tíì tú u sílẹ̀.”

Ó bi mí pé ta ni kí òun lọ bá. Mo ní ọmọ wọn ni yóò bá wọn pe ilé-iṣẹ́ náà láti òkè òkun, nítorí orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ọmọ pè, wọ́n ní àwọn kì í ṣí irú èyí. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ìyá yìí ò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn rí. Lórí tábìlì wa, fóònù tí wọ́n tì kì í tó owó èyí tó ṣí láti ilé-iṣẹ́, bí ọjọ́ orí àti ìtọ́jú wọn tilẹ̀ bára mu. Ìyàtọ̀ owó yẹn, àpò ẹni tó bá wá ń tà á ni wọ́n ti yọ ọ́.

Fún ìgbà kan, òfin Amẹ́ríkà tilẹ̀ gbè sẹ́yìn àgádágodo. Òfin tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé, olórin àti onífíìmù ni wọ́n fà wọ inú ọ̀rọ̀ síìmù. Láti 2006 ni wọ́n ti ń yọ̀ǹda ṣíṣí fóònù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 26 oṣù Kínní 2013, ẹni tó bá ra fóònù tuntun tó sì fúnra rẹ̀ ṣí i láì gba àṣẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti rú òfin. Ó ju 114,000 èèyàn lọ tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí White House. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 2014, Ààrẹ Barack Obama buwọ́ lu òfin tó dá ẹ̀tọ́ náà padà. Mo yọ̀ gidigidi lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń ṣí fóònù tí owó rẹ̀ ti pé kì í ṣe olè.

Ilẹ̀ Yúróòpù tètè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní Jámánì, T-Mobile ń ta iPhone ní yúrò 399 pẹ̀lú àdéhùn. Vodafone gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní Hamburg ní oṣù Kọkànlá 2007, T-Mobile sì fi ìgbà díẹ̀ ta èyí tí kò ní àgádágodo, ní yúrò 999. T-Mobile ló padà borí, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti rí iye tí wọ́n fi lé òmìnira lórí. Ní Faransé, àjọ tó ń rí sí ìdíje òwò fetí sí ẹ̀sùn Bouygues Telecom, ó sì ní kí Orange dá àdéhùn ànìkàntà rẹ̀ lórí iPhone dúró ní oṣù Kejìlá 2008. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Paris kò yí i padà. Nígbà tó yá, Kánádà náà ní kí gbogbo fóònù tuntun wà ní ṣíṣí láti oṣù Kejìlá 2017. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de títa fóònù tí wọ́n tì láti oṣù Kejìlá 2021. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wó lulẹ̀ níbẹ̀ nítorí ìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe fóònù náà yẹ kí wọ́n bẹ̀rù àdéhùn yìí ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ. Palm Pre jáde ní oṣù Kẹfà 2009, fóònù tó dára gan-an, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú làákàyè. Sprint nìkan ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí oníbàárà ń fi Sprint sílẹ̀ lọ ní agbo-agbo. Kó tó dé ọwọ́ Verizon ní ìbẹ̀rẹ̀ 2010, ọkàn aráyé ti kúrò lára rẹ̀. HP ra Palm ní bílíọ̀nù 1.2 dọ́là lọ́dún yẹn, ó sì pa iṣẹ́ fóònù náà tì ní oṣù Kẹjọ 2011. Fire Phone ti Amazon jáde ní oṣù Keje 2014, AT&T nìkan ló ń tà á ní Amẹ́ríkà, dọ́là 199 pẹ̀lú àdéhùn. Ní oṣù Kẹsàn-án, ó ti já wálẹ̀ sí sẹ́ǹtì 99. Amazon kọ mílíọ̀nù 170 dọ́là sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdánù lórí rẹ̀. Àdéhùn ànìkàntà nìkan kọ́ ló pa fóònù méjèèjì. Fire Phone ní àbùkù tirẹ̀ tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọjà rẹ̀ ò tíì lórúkọ, tó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó lè rà á, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe ara rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, GSM bá wa láì ní àgádágodo púpọ̀. Láti oṣù Kẹjọ 2001 tó ti dé, owó ara wa la fi ń ra fóònù, owó ara wa la fi ń ra síìmù, a sì ń ra káàdì ká tó pe. Ó wọ́n, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Glo dé ní oṣù Kẹjọ 2003 tó ń gba owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kò nílò ju síìmù tuntun lọ, àwọn tó ti wà ṣáájú sì yára tẹ̀ lé e. Ohun tó jẹ́ kí fóònù onísíìmù méjì ti Tecno gbilẹ̀ láàrin wa náà nìyẹn. Àwọn tó lo Starcomms, Multilinks tàbí Visafone mọ òdìkejì rẹ̀. Fóònù CDMA wọn, tó yàtọ̀ sí ti GSM, ò bá ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ ní ihò síìmù. Ìpè wọn já gaara, owó wọn ò wọ́n, èmi náà tà wọ́n dáadáa. Nígbà tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn kógbá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, fóònù tó ṣì ń tàn yanran di ohun tí a ń tú fún bátìrì àti sípíkà. Oṣù Kẹrin 2013 ni NCC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, tó jẹ́ kí èèyàn lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn. Kò sí ẹni tó lè bá àwọn oní-CDMA gbé fóònù wọn.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí nísinsìnyí ni pé àgádágodo tún ti ń wọlé, ó sì gba ọ̀nà mìíràn. Fóònù àsandíẹ̀díẹ̀ ti pọ̀ ní Ìkẹjà. O san díẹ̀, o gbé e lọ, o ń san ìyókù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù. Bó o bá yẹ̀ ẹ́, ojú fóònù á ti pa. Mi ò lòdì sí i. Owó fóònù ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ àti ọlọ́kadà, ẹni tó sì yá wọn lówó gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò dì mú. Ohun tí mo fẹ́ kí NCC àti FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, pa láṣẹ kò nira: kí wọ́n kọ àpapọ̀ owó àti ọjọ́ tí àgádágodo yóò ṣí sórí rìsíìtì, ní lẹ́tà tí ẹni tó ń rà á lè kà; kí ó fúnra rẹ̀ ṣí lọ́jọ́ tí owó bá pé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń pe nọ́ńbà kan tí kì í dáhùn; kí ẹni tó bá sì fẹ́ ra fóònù náà lọ́wọ́ ẹni kejì lè tẹ IMEI rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, síbì kan, kó rí i bóyá gbèsè ṣì wà lórí rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá sì fẹ́ nìkan ta fóònù kan fún wa lọ́la, kó fún un ní oṣù mẹ́fà.